Ọdẹ́rìnlọ́, Ìlú Ọ̀gìnnìtìn, àti Òkúta Tí Omi Kò Lè Tù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má takété bí ẹni tí olóko ká mọ́ ìdí iṣu. Ìgbà ọyẹ́ nìyí, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ kí ó jókòó síbi tí oòrùn wà. Èmi Ọdẹ́jàre tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n du ojú ọ̀nà, ẹfọ̀n ni ó yà fún mi. Mo ti bá iwin onírù ṣe àríyànjiyàn, iwin ni ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó lọ bi ìyàwó mi. Òun náà kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìnlọ́ ni, ọ̀gá tí ó kọ́ bàbá mi ní ìbọn yíyìn, ọkùnrin tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ gbóná, tí ó máa ń pòṣé sí ìbọn tirẹ̀ bí kò bá tètè dún.

Ìsàlẹ̀-Àpáta ni ìlú rẹ̀. Ihò ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú náà, òkúta dúdú kan sì wà nínú ihò ọ̀hún tí wọ́n ń pè ní Alóoru. Òjò kò dé ibẹ̀, oòrùn kò dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó dáná sí i, síbẹ̀ láti ayébáyé ni ó ti ń gbóná. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí àwa ń ṣe sí ohun tí ó bá gbóná. Bí ilẹ̀ bá gbóná, omi tútù ni à ń ta sí i. Bí orí bá gbóná, omi tútù náà ni. Omi kò lọ́tàá. Nítorí èyí ni àwọn obìnrin kan ṣe wà ní Ìsàlẹ̀-Àpáta tí wọ́n ń jẹ́ Olómi-Ẹ̀rọ̀, tí wọ́n ń ru omi lọ dà sí Alóoru lára ní àràárọ̀; ìyá ni ó ń fi iṣẹ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ní ayé Ọdẹ́rìnlọ́, Omílànà ìyàwó rẹ̀ ni olórí wọn.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ooru òkúta náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí wọ́n bá da omi sí i, omi á hó yaya. Àtẹ́lẹwọ́ Omílànà bó, irun orí rẹ̀ ń re, oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ọdẹ́rìnlọ́ ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Kí n fi í sílẹ̀ fún ta ni, baálé mi?" ni Omílànà bi í. "Ìyá mi da omi yìí, ìyá tí ó bí ìyá mi dà á. Ṣé orí tèmi ni ẹ fẹ́ kí ó ti bàjẹ́?"

Kò pẹ́ sí i ni ọba pàṣẹ pé omi tí wọ́n ń fi orí rù kò tó mọ́. Ó ní kí wọ́n wa ojú-àgbàrá láti odò wọnú ihò, kí odò lè máa ṣàn lé Alóoru lórí tọ̀sán-tòru. Omílànà ni yóò dúró ní ẹnu ihò láti ṣí i, nítorí olórí Olómi-Ẹ̀rọ̀ nìkan ni àṣà gbà láàyè láti ṣí omi tuntun sí òkúta náà. Nígbà tí Ọdẹ́rìnlọ́ gbọ́, ó gba ààfin lọ pẹ̀lú ìbọn ní èjìká.

"Kábíyèsí, obìnrin tí omi ìkòkò kan ń bó lára báyìí, kí ni odidi odò yóò fi í ṣe? Ẹ fẹ́ pa á fún mi ni!"

"Ọdẹ́rìnlọ́, o tún ti gbóná dé," ni ọba wí. "Bí o bá mọ ohun tí ó wà nínú òkúta yìí tí ń bí i nínú, wá sọ ọ́ fún wa kí a tó wa ojú-àgbàrá náà tán. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, omi ni àwa mọ̀."

Ohun tí ó gbé Ọdẹ́rìnlọ́ wọgbó nìyẹn. Ó ń lọ wádìí ohun tí ó wà nínú òkúta, kí ìyàwó rẹ̀ má baà jóná lójú rẹ̀.

Ẹ má retí kí n máa ka igi fún yín. Ìgbó tí ó wọ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ ti ń ṣẹ́gi. Igi ibẹ̀ ń sín, ìgbín ibẹ̀ ń súfèé, òkété ibẹ̀ sì ń béèrè ẹni tí ó rán ọ wá. Ìlú tí ó kọ́kọ́ yọ sí ni Ìlú Wàràwàrà. Ará ibẹ̀ kì í rìn, sísá ni wọ́n ń sá. Wọ́n á ti dáhùn kí o tó béèrè. Inú Ọdẹ́rìnlọ́ dùn, ó ní, "Àwọn èèyàn mi rèé!" Balógun wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó kí òun tán tí ó fi fà á lọ sí pápá kan tí wọ́n ti ń fi òkúta lu òkúta.

"O fẹ́ mọ inú òkúta? Wò ó!"

Wọ́n mú òkúta méjì, wọ́n fi eré burúkú gbé wọn pàdé ara wọn. Gbàù! Ó fọ́ yángá. Wọ́n ṣa èérún rẹ̀ dà sí Ọdẹ́rìnlọ́ lápò.

"Inú rẹ̀ nìyẹn," ni Balógun wí.

"Èérún rẹ̀ nìyí," ni Ọdẹ́rìnlọ́ dáhùn. "Mo ní, kí ni ó so ó pọ̀ kí ẹ tó fọ́ ọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé nínú rẹ̀?"

"Ìyẹn yá jù, ojú kì í bá a. Ó yá, òmíràn!" Gbàù!

Ó dúró tì wọ́n títí etí rẹ̀ fi di. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n mọ̀ nípa èérún, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ìdílé kan ṣe ń jẹun pọ̀, tí ó wá wó ilé lé wọn lórí, àwókù ni yóò rí. Ọdẹ́rìnlọ́ da èérún náà nù, ó pòṣé, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní ẹ̀yìn ìlú náà ni iwin kan jókòó sí, orúnkún rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó sì fi irùngbọ̀n rẹ̀ di ọ̀nà.

"Ọdẹ, dáhùn kí o tó kọjá. Kí ni à ń tù tí ó túbọ̀ ń gbóná?"

"Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ wálé," ni Ọdẹ́rìnlọ́ wí.

Iwin rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ́ ní, "Ọmọ tí a ń rẹ̀ lẹ́kún." Iwin ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ́ wá yìnbọn sí i. Ọta wọ irùngbọ̀n lọ, iwin sì wá a jáde bí ẹni ń wá iná orí, ó fi í sẹ́nu. Ká ní èmi Ọdẹ́jàre ni, irùngbọ̀n yẹn ni ǹ bá gé fi hun okùn ẹ̀bìtì. Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín, mo ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

"Máa lọ," ni iwin wí. "Bí o bá ń bọ̀, kí o mú ìdáhùn mi bọ̀. Ṣùgbọ́n fi ìṣáná rẹ sílẹ̀ níhìn-ín. Ẹnìkan kì í mú iná dé ibi tí o ń lọ."

Ibi tí ó ń lọ náà ni Ìlú Ọ̀gìnnìtìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ̀n yìí, ẹ kò tíì rí òtútù. Èémí Ọdẹ́rìnlọ́ di yìnyín ní ẹnu rẹ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀ pò, pò. Ará ìlú náà ń rìn bí ẹni tí ó gbé àwo epo tí ó kún dé ẹnu. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sáré, wọn kì í tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sókè. Olórí wọn ni ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Ìyá Rọra. Ọdẹ́rìnlọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdánu dúró.

"Rọra," ni ìyá náà wí. "Mo gbọ́. Ẹbí kan ni ó wà nínú òkúta yín. Wọ́n pọ̀, yàrá wọn sì kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n ń yí bí òkòtó, ooru wọn sì ju ti iná alágbẹ̀dẹ lọ. Kò sí ojú tí ó lè wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé o ti rí àwọn ọmọdé tí ń ṣe eré bàbá-àti-ìyá níta rí?"

"Mo ti rí i, ìyá."

"Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ń lọ ní yàrá tí wọn kò jẹ́ kí o wọ̀ ńkọ́?"

"Mà á wo eré àwọn ọmọ ilé náà. Ohun tí ọmọdé bá ń sọ níta, inú ilé ni ó ti gbọ́ ọ."

"Ó dáa. Àwa ní àwọn ọmọ tí yóò ṣe eré òkúta yín fún ọ. Ṣùgbọ́n eré náà gbọ́dọ̀ falẹ̀ kí ojú tó lè bá a. Sùúrù rẹ ńkọ́?"

"Mo ní sùúrù," ni Ọdẹ́rìnlọ́ wí. Àwọn ará ìlú wo ara wọn.

Àwọn ọmọ tí ìyá náà ń wí, ẹ̀rún ni wọ́n, ẹ̀rún tí ó kéré ju eruku inú oòrùn lọ. Àwọn ọmọ yín tí ń kàwé sọ fún mi pé átọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Èmi ọdẹ, ẹ̀rún ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi. Gbogbo ẹ̀rún ayé ni ó ń sá kiri. Eré tí wọ́n ń sá yìí gan-an ni à ń pè ní ooru. Ìyá Rọra na okùn ìmọ́lẹ̀ sí wọn láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè, láti ìsàlẹ̀. Ibikíbi tí ẹ̀rún bá sá sí, ìmọ́lẹ̀ á pàdé rẹ̀, á tì í padà, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ó tú okùn náà díẹ̀ lókè, kí àwọn tí ara wọn gbóná jù lè fò jáde, bí ooru ẹ̀kọ gbígbóná ṣe máa ń bá èéfín rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kù túbọ̀ tutù. Ó ṣe é, ó tún un ṣe, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́ nínú okùn ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí súnmọ́ ara wọn bí ẹbí.

Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ pé ọdẹ kì í rí ohun ìyanu kí ó má fi ìjálá kí i. Ọdẹ́rìnlọ́ rí i, orí rẹ̀ wú, ó là á mọ́lẹ̀:

"Ẹ̀rún, ọmọ kékeré tí ń gbé òkè ńlá ró!
A-wà-níbi-gbogbo-má-ṣeé-tọ́ka-sí..."

Ooru ẹnu rẹ̀ kàn wọ́n. Fàà! Gbogbo ẹ̀rún fọ́nká.

"Rọra," ni Ìyá Rọra wí. "A ó tún un bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ ni wọ́n fi tu ẹ̀rún lára. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, ó sú Ọdẹ́rìnlọ́, ó pòṣé. Fàà! Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbá itan ara rẹ̀ nítorí pé ó rántí òṣé àná. Fàà! Ó wúkọ́. Fàà! Ó wá di ọjọ́ kan tí ó jókòó bí òkú, kò mí, kò ṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò ṣe ohunkóhun, àwọn ẹ̀rún sì dá ara wọn fọ́nká láìnídìí. Èyí ni ó dùn ún jù. Ẹni tí ó ṣe aburú tí ó sì jìyà, ó mọ ohun tí ó jẹ. Ẹni tí ó ṣe dáadáa tí nǹkan sì tún bàjẹ́, ta ni yóò bínú sí?

Ó bọ́ síta, ó fi ìbọn lu ilẹ̀. "Kí ni mò ń ṣe níbí? Wọ́n ti ń wa ojú-àgbàrá sún mọ́ ihò, ọwọ́ ìyàwó mi ń bó, èmi ọdẹ a-pa-ẹfọ̀n wá jókòó síbí, mò ń ṣọ́ eruku! Ayé mi bàjẹ́!" Inú bí i débi pé ó sunkún, ẹkún náà sì dì lójú rẹ̀, kò jẹ́ kí ó sun ún dáadáa.

Ìyá Rọra jáde wá bá a. "Ọdẹ, báwo lo ṣe ń pa ẹtu?"

"Mo máa ń ba dè é ni."

"Ṣé o máa ń pòṣé níbẹ̀?"

"Ìyá, ta ni yóò pòṣé lójú ẹtu?"

"Ṣé ẹtu wá ju ìyàwó rẹ lọ ni?"

Ọdẹ́rìnlọ́ dìde, ó padà wọlé. Nígbà tí wọ́n tún tu ẹ̀rún, kò jókòó mọ́. Ó dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ó ba de ẹran, ó fi gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, bo ẹnu òun imú, ó sì ń mí sínú aṣọ díẹ̀díẹ̀. Eré wá bẹ̀rẹ̀.

Ó rí i bí àwọn ẹ̀rún ṣe kóra jọ. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn jù, wọ́n á ti ara wọn. Bí wọ́n bá jìnnà, wọ́n á fa ara wọn padà, bí ọbàkan tí kò lè sùn ní yàrá kan náà, tí kò sì lè fi agbo-ilé sílẹ̀. Ìyá Rọra ju ẹ̀rún àlejò kan sí wọn pẹ̀lú eré. Àlejò náà gba àárín wọn kọjá, kò sí ẹni tí ó yíjú wò ó.

"Ẹ jù ú kí ó le sí i," ni Ọdẹ́rìnlọ́ sọ sínú aṣọ.

Ó jù ú kí ó le sí i, kò tilẹ̀ mì wọ́n. Ìyá Rọra wá to èrò púpọ̀ sójú ọ̀nà, ẹ̀rún fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n. Àlejò fara gbún èyí, ó fara gbún tọ̀hún, eré rẹ̀ ń dínkù, títí ó fi ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹbí náà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ó ti wọlé, gbogbo agbo-ilé wú, ó fún ní àárín bí kèrègbè, ó sì pín sí méjì! Ooru tú jáde, àlejò tuntun méjì sì fò jáde láti inú rẹ̀. Àwọn náà fara gbún èrò, wọ́n rọ̀, wọ́n sì rọra kan ilẹ̀kùn àwọn ẹbí mìíràn. Ilé ń pín, ooru ń pọ̀.

"Ìyá," ni Ọdẹ́rìnlọ́ bi í wúyẹ́wúyẹ́, "àwọn èrò tí ẹ tò sójú ọ̀nà, àwọn tí àlejò ń fara gbún tí ó fi ń rọ̀, kí ni wọ́n dúró fún nínú òkúta tiwa?"

"Omi," ni Ìyá Rọra wí.

Ọdẹ́rìnlọ́ kò pariwo. Òṣé tí ó fẹ́ pa há sí i láyà. Gbogbo omi tí ìyàwó rẹ̀ rù, láti ọjọ́ tí ó ti gbé e níyàwó!

"Bí ẹnìkan kò bá da omi sí i mọ́ ńkọ́?"

Ìyá Rọra kó àwọn èrò náà kúrò. Àwọn àlejò fò kọjá lọ, wọn kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé yóò tètè tutù?"

Ìyá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rọra ni," ni ó wí.

Ìgbà tí ó ń padà bọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ iwin, ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n! Òkúta ìlú wa ni! Omi tí à ń fi tù ú ni ó ń mú un gbóná!" Iwin yán, ó ní, "Ìbéèrè wo lò ń dáhùn? Mo ti gbàgbé." Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo ayé!

Nígbà tí ó fi dé ilé, wọ́n ti wa ojú-àgbàrá tán. Ebè kan ṣoṣo tí ó dí odò ni ó kù ní ẹnu ihò, Omílànà sì dúró tì í pẹ̀lú ọkọ́, ó ti fi àkísà di ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo ìlú pé. Ọdẹ́rìnlọ́ já wọ àárín wọn pẹ̀lú igbe.

"Ẹ dúró! Omi ni ó ń dáná fún un! Ẹ̀yin òmùgọ̀, omi ni!"

"Ọdẹ́rìnlọ́ ti gbóná dé," ni ọba wí. "Ẹ bu omi tútù fún un."

Wọ́n da igbá omi kan sí i lórí. Ó túbọ̀ kígbe. Wọ́n da òmíràn sí i. Bí ó ti ń pariwo ni wọ́n ń dà á, bí wọ́n ti ń dà á ni ó ń gbóná, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá, kò kan ẹnikẹ́ni. Nínú omi yẹn ni ó ti rántí àlejò tí wọ́n jù pẹ̀lú eré. Ó dákẹ́. Ó gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rọra rìn lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Omílànà, kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, baálé mi. Ẹ ti rù."

"Ṣé ọwọ́ ń dùn ọ́?"

"Ó ti dùn mí dùn mí, kò dùn mí mọ́. N kò mọ nǹkan lára nínú rẹ̀ mọ́."

Ó jókòó tì í lórí ebè, ó sì sọ gbogbo ohun tí ó rí fún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ba de ẹran. Omílànà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ìyá mi ni ó ń dáná tí ó jó o pa?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn. Ọwọ́ bíbó ni ìyá mi gbé wọ ilẹ̀. Ẹ rìnrìn-àjò lọ, ohun tí ẹ mú bọ̀ wá fún mi nìyí?" Ojú rẹ̀ le. Ọdẹ́rìnlọ́ kò dìde lórí ebè. Obìnrin náà wo ojú-àgbàrá. "Bí ó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?"

"Bí irọ́ bá ni, odò kò ní sá lọ. Ìwọ náà ni yóò ṣí i."

Omílànà ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó lọ gbé ìkòkò tí ó fi ń rumi, èyí tí ó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Olómi-Ẹ̀rọ̀ kì í dojú ìkòkò délẹ̀ àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá kú. Àwọn obìnrin náà figbe ta, wọ́n sunkún bí ẹni tí ó sin òkú, wọ́n sì ń dojú ìkòkò tiwọn náà délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba kò lè ṣí omi láìsí ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú wá di ẹni tí ń dúró.

Ẹ ò mọ ohun tí à ń pè ní ìdúró. Lójoojúmọ́ ni àwọn àgbà ń lọ wo òkúta náà, ó ṣì ń gbóná. Wọ́n ń ti ẹ̀yìn ilé Ọdẹ́rìnlọ́ bú u. Wọ́n ní òtútù ibi kan ti sọ ọ́ di wèrè. Òun náà a dìde, a gbọ́wọ́ lé ìbàdí, a tún jókòó. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ń wo ìgbín bí ojú rẹ̀ ti rí.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, Omílànà wọ ihò lọ ní òwúrọ̀, Ọdẹ́rìnlọ́ sì tẹ̀lé e. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí Alóoru, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ náà kò lè sọ ohunkóhun fún un mọ́. Ó wá tẹ̀ ba, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òkúta náà bí ọmọ tí ó fara ti ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó tutù," ni ó wí. Omijé ń ṣàn sórí òkúta. "Baálé mi, ó tutù. Gbogbo omi yẹn. Gbogbo omi tí ìyá mi rù."

Ọdẹ́rìnlọ́ jókòó tì í. Ó pòṣé, òṣé gígùn tí ó ti há sí i láyà láti Ìlú Ọ̀gìnnìtìn. Ihò gbà á, ó dún títí. Kò sí ohun kan tí ó fọ́nká.

Ó tó, ìtàn mi ti wọlé, ó ti bọ́ bàtà. Ẹ bu omi wá fún mi kí n fi rẹ ọ̀fun. Mo ní kí n mu o; n kò ní kí ẹ dà á sí mi lórí.